Ilẹ̀ Tí Mo Ní Kí Ẹ Má Rà

Asata, Enugu.
Òwúrọ̀ Sátidé.

Rámátù Àkànkẹ́, ọmọ mi,

Ìyá rẹ ní kí n kí yín kí n tó kọ ohunkóhun, torí ó mọ̀ pé bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ilẹ̀, mi ò ní rántí kí ènìyàn mọ́. Ó kí ìwọ, ó kí Bàṣírù ọkọ rẹ. Ó ní kí o máa rọra gun àtẹ̀gùn ilé tí ẹ háyà ní Ìlọrin yẹn, kí o má sì fi oyún inú rẹ gbé omi gun òkè. Mo ti jíṣẹ́ rẹ̀. Ó ku tèmi.

Bàṣírù ló ní kí n kọ lẹ́tà yìí. Nígbà tí mo pè yín lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun pé ilẹ̀ tí ẹ fẹ́ rà lójú ọ̀nà Ùdí lọ́dún tó kọjá ti ya lọ sínú ọ̀gbun, Bàṣírù ló gba fóònù lọ́wọ́ rẹ. Ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí.” Mo ní kò sí ohun tí mo fẹ́ forí jì. Ó wá ní wọ́n ti ń fi ilẹ̀ mìíràn lọ̀ yín ní Ìlọrin, pé kí n sọ ohun tí ẹ máa wò lára rẹ̀. Mo ti lanu láti bẹ̀rẹ̀ nígbà tó ní, “Rárá, Bàbá, ẹ má sọ ọ́ lórí fóònù, a máa gbàgbé. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.”

Ẹ mọ̀ pé orúnkún mi ò jẹ́ kí n wọkọ̀ láti Enugu dé Ìlọrin mọ́. Ojú mi kò lè dé orí ilẹ̀ yẹn. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó sí ẹ̀yìnkùlé láti òwúrọ̀ pẹ̀lú ìwé àti bírò, tí ìyá rẹ sì ń bi mí bóyá ìdánwò ni mo ń ṣe. Yorùbá ni mo fi kọ ọ́. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin ọmọ tí a bí sí Asata, Píjìn àti Òyìnbó ló yá yín lẹ́nu. Bí o bá dé ibi tó le, gbé e fún ọkọ rẹ kó kà á sí ọ létí. Ọmọ Ìlọrin ni, yóò yé e.

Kí n kọ́kọ́ sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, torí ọkàn mi ò balẹ̀ lórí fóònù lọ́jọ́ yẹn láti sọ ọ́ bó ṣe yẹ.

Òjò rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta níbí, kò dáwọ́ dúró. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kẹrin, oòrùn yọ. Ìyá rẹ gbé ẹ̀kọ síwájú mi, ó rí i pé n ò jẹun. Ó ní, “Ṣé o ò kúkú lọ wo ilẹ̀ yẹn? Láti ìgbà tí òjò yìí ti bẹ̀rẹ̀ lo ti ń rìn káàkiri ilé bí ẹni tí nǹkan sọnù lọ́wọ́ rẹ̀.” Mo ní ilẹ̀ wo? Ó ní, “Ilẹ̀ tó wà lọ́kàn rẹ.” Mo wọ bàtà rọ́bà mi, mo wọ kẹ̀kẹ́ títí dé ibi tí wọ́n ti ń wọkọ̀ gun òkè lọ sí Ùdí, mo wọkọ̀, mo sọ̀ kalẹ̀, mo fi ọ̀pá rìn wọ inú ọ̀nà oko.

Mo dé ibẹ̀, mo kọ́kọ́ rò pé mo ti ṣìnà. Ẹ rántí òkúta ààlà mẹ́rin tí wọ́n rì sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ilẹ̀ náà. Ẹyọ kan ló kù, ó wà létí bèbè, ìdajì rẹ̀ ti yọ síta. Ibi tí mẹ́ta yòókù wà, òfìfo ni. Mo wo ìsàlẹ̀, mo rí igi ọ̀pẹ tó dorí kodò nínú ẹrẹ̀ pupa, ewé rẹ̀ ṣì tutù. Ibi tí ìwọ, Àkànkẹ́, fi ẹsẹ̀ fa ìlà sí, tí o ní yàrá ìbùsùn rẹ máa wà, àárín ojú sánmà ni ó wà báyìí.

Ìyá àgbà kan ń tu ẹ̀gẹ́ nínú oko tó wà lápá òkè. Mo kí i ní Ìgbò, mo bi í léèrè ìgbà tó ṣẹlẹ̀.

Ó ní, “Lánàá, lọ́sàn-án. Mo ń ṣiṣẹ́ níbí. Mo gbọ́ ohùn kan bí ìgbà tí lọ́rì bá ń da iyanrìn sílẹ̀. Kí n tó yíjú, ó ti lọ.”

Mo ní, “Ṣé kò sí ènìyàn níbẹ̀?”

Ó wò mí. Ó ní, “Ta ni yóò wà níbẹ̀? Ẹnikẹ́ni ò kọ́lé síbẹ̀. Àwọn tọkọtaya kan fẹ́ rà á lọ́dún tó kọjá, wọn ò wá mọ́.”

Mo jókòó sórí ilẹ̀ tútù pẹ̀lú aṣọ àárọ̀ lọ́rùn mi. Ìyá náà rò pé àìsàn ni, ó sáré gbé omi wá fún mi. Mo kàn ń sọ pé “Alhamdulillah, Alhamdulillah,” omi sì ń bọ́ lójú mi bí ọmọdé. Níbẹ̀ ni mo ti pè yín.

Nísinsìnyí mo fẹ́ sọ ohun tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí, àní ìyá rẹ. Nígbà tí mo ní kí ẹ má ra ilẹ̀ yẹn, kò dá mi lójú. Ẹ̀yin rò pé agídí ni. Bàṣírù ní gbogbo ènìyàn ló ń kọ́lé sápá ibẹ̀, pé agbẹ́kànga ni mí, n kì í ṣe ẹnjiníà. Òótọ́ ló sọ. Ìwọ ò tilẹ̀ bínú, o kàn sunkún, o ní, “Bàbá, ẹ ò fẹ́ kí n ní ilé tèmi.” Mo dá ọ lóhùn pé n kò ní tẹ ẹsẹ̀ síbẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá máa ṣe ìpìlẹ̀, n ò sì ní ṣe àdúà sí i. Ọ̀rọ̀ náà le jù. Ẹ fi ilẹ̀ sílẹ̀ nítorí mi, ẹ kó lọ sí Ìlọrin nígbà tí Bàṣírù ríṣẹ́ níbẹ̀, o sì ń pè mí ní ọjọ́ Jímọ̀ nìkan: ẹ kú Jímọ̀, ara yín le bí, ó tán. Odidi ọdún kan. Bí ẹ̀ẹ̀rùn ṣe ń lọ tí ilẹ̀ náà dúró gbọn-in, ni mo ń bi ara mi pé bóyá ẹ̀rù arúgbó lásán ni mo fi gba ilé lọ́wọ́ ọmọ mi. Mo ti ń ronú ohun tí n ó sọ láti fi tọrọ àforíjì. Ohun tí mo fi sunkún lórí òkè nìyẹn. Kì í ṣe pé mo borí. Pé ẹ wà láàyè, àti pé n kò ṣẹ̀ yín.

Ó dáa. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló kù, màá sì bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí mo ti ṣìṣe, torí ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ọ.

Èkíní. Ẹ má ra ilẹ̀ tí ẹ wò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ wò ó lẹ́ẹ̀rùn, ẹ padà wò ó nígbà òjò, bí ó bá ṣe é ṣe, kí ẹ wò ó nígbà tí òjò ń rọ̀ lọ́wọ́. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìyá rẹ níyàwó, mo kọ́ ilé ìdáná fún un lẹ́yìn ilé, níbí ní Asata. Oṣù kejì ọdún ni. Ilẹ̀ gbẹ, ó tẹ́, ó kàn rẹlẹ̀ díẹ̀ láàárín bí àwo. Mo ní ibẹ̀ dáa, kò ní gba afẹ́fẹ́ jù, iná kò ní máa kú. Onílé wa nígbà náà, bàbá Ìgbò kan, kọjá, ó ní, “Rájí, ọ̀nà omi nìyẹn o.” Mo ní omi wo? Mo wo òkè, mo wo ilẹ̀, n kò rí omi. Lọ́jọ́ òjò ńlá àkọ́kọ́ ọdún yẹn, ìyá rẹ ń gún iyán lọ́wọ́, ó gbọ́ ohùn, ó gbé ọmọ odó lọ́wọ́ sáré jáde. Ìkòkò rẹ̀ méjèèjì, ààrò, páànù òrùlé, omi kó gbogbo rẹ̀ sínú odò Asata. Ó dúró nínú òjò pẹ̀lú ọmọ odó lọ́wọ́, ó ní, “Rájí, omi yìí ńkọ́? O rí i báyìí?” Títí di òní, bí mo bá ti ń sọ ohun tí kò dá mi lójú, ó máa ń bi mí pé ṣé mo rí omi.

Omi mọ ọ̀nà ara rẹ̀, kì í sì í gbàgbé rẹ̀ nítorí pé oṣù mẹ́ta ni kò fi gbà á. Bí ilẹ̀ bá rẹlẹ̀ láàárín, bí ẹ bá rí iyanrìn wẹ́wẹ́ tó tò jọ bí ẹni pé wọ́n gbá a, bí koríko bá sùn sápá kan ṣoṣo, tàbí tí pàǹtírí ọ̀rá bá há sára igbó ní ìwọ̀n orúnkún, omi ló kọjá níbẹ̀. Ẹ máa lọ.

Èkejì pọ̀ díẹ̀, ẹ fara balẹ̀.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ọ̀ffà dé láti bá àbúrò bàbá mi gbẹ́ kànga nílùú yìí, iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo dá ṣe ni ti obìnrin kan tí à ń pè ní Màdáámù Ifeoma. Tíṣà jọ́gíráfì ni, àdúgbò GRA ló ń gbé, nínú ilé àtijọ́ kan tí igi yí ká. Ìparí òjò ni mo gbẹ́ kànga náà. Mo rí omi kíákíá, inú mi dùn, mo kó irinṣẹ́ mi, mo bá tèmi lọ. Nígbà tí ọyẹ́ mú tán, ó ránṣẹ́ pè mí. Kànga ti gbẹ. Mo ti múra irọ́ sílẹ̀ lọ́nà: mo fẹ́ sọ pé ẹlòmíràn ló gbẹ́ tirẹ̀ nítòsí tó fa omi náà lọ.

Kò jẹ́ kí n pa irọ́ náà. Píjìn la fi ń sọ̀rọ̀, mo ń kọ ọ́ ní Yorùbá fún yín. Ó ní, “Rájí, oṣù wo lo gbẹ́ kànga yìí?”

Mo ní, “Oṣù kẹwàá, Mà.”

Ó ní, “Omi tí o bá níbẹ̀ nígbà náà, àlejò ni. Onílé ṣì wà nísàlẹ̀.”

Mo rò pé ó fẹ́ bú mi ni. Ó wọlé, ó gbé ife gíláàsì kan jáde, ó bu iyanrìn kún un, ó da omi sí i díẹ̀díẹ̀. Mo rí i bí omi ṣe wọ inú iyanrìn, tó lọ jókòó sí ìsàlẹ̀, tí òkè sì gbẹ. Ó tún da omi sí i, èyí tó jókòó sì ga sókè. Ó ní bí ó ṣe rí lábẹ́ ẹsẹ̀ wa nìyẹn. Òjò rọ̀: apá kan ṣàn lọ sódò, igi mu apá kan, oòrùn fa apá kan padà sókè, èyí tó kù ń wọlẹ̀ lọ títí yóò fi kan ohun tí kò lè kọjá nínú rẹ̀. Orí rẹ̀ ni yóò jókòó sí. Nígbà òjò ó ga, lẹ́ẹ̀rùn ó wálẹ̀. Agbẹ́kànga tó bá gbẹ́ dúró níbi tó ga, yóò gba ìyìn fún oṣù mẹ́ta.

Mo bi í pé níbo ni òjò fúnra rẹ̀ ti ń wá. Kì í ṣe pé n kò mọ̀ pé Ọlọ́run ló ń rọ̀ ọ́. Mo fẹ́ mọ ọ̀nà tó ń gbà. Inú rẹ̀ dùn tó fi rẹ́rìn-ín. Ó mú ọsàn kan, ó fi igi ìgbálẹ̀ gún un láti orí dé ìdí, ó dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, ó ń yí i níwájú fèrèsé tí oòrùn ń bá wọlé. Ó ní ayé ń yí báyìí, ìdí tí ilẹ̀ fi ń mọ́ tó sì ń ṣú nìyẹn. Ó tún ń rìn yí oòrùn po, àmọ́ ó dà sẹ́gbẹ̀ẹ́, kò dúró ṣánṣán. Nítorí náà, apá òkè ni oòrùn ń dojú kọ fún ìgbà kan nínú ọdún, apá ìsàlẹ̀ ló ń dojú kọ fún ìgbà kejì, òjò sì ń tẹ̀lé e lẹ́yìn. Nígbà tí oòrùn bá gun apá òkè lọ, afẹ́fẹ́ ojú òkun á fẹ́ wọ ilẹ̀ wa pẹ̀lú ọ̀rinrin. Ọ̀rinrin yìí á gòkè, á tutù, á di ìkùukùu, á di òjò. Nígbà tí oòrùn bá padà sísàlẹ̀, afẹ́fẹ́ aṣálẹ̀ á gba ipò rẹ̀, ọyẹ́ nìyẹn, tí ètè á máa là. Afẹ́fẹ́ tó ti òkun wá yìí tún ń kan òkè Ùdí, òkè á tì í sókè sí i, òjò á sì tún pọ̀ sí i. Mo ti ń gbé abẹ́ òkè yẹn, n kò bi ara mi rí pé iṣẹ́ kí ni òkè ń ṣe.

Mo padà gbẹ́ kànga rẹ̀ nínú ẹ̀ẹ̀rùn yẹn. Ó ní kí n máa kó díẹ̀ wá fún òun nínú gbogbo ohun tí mo bá kàn bí mo ṣe ń lọ sísàlẹ̀. Ó to agolo mílíìkì sójú fèrèsé. Ilẹ̀ pupa ló kọ́kọ́ wọ inú agolo, iyanrìn aláwọ̀ ìyeyè tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà amọ̀ eérú tó le, tó ń ṣí pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ bí ojú ìwé. Láàárín amọ̀ yẹn ni mo ti bá ìlà dúdú tín-ín-rín kan. Èédú. Irú èyí tí wọ́n tìtorí rẹ̀ tẹ ìlú yìí dó, tí àwọn Yorùbá tó ṣáájú wa débí fi wá ṣiṣẹ́ rélùwéè.

Màdáámù yẹ èyí tí mo fi ránṣẹ́ sókè wò, ó ní, “Igi ni èyí rí.” Mo rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín débi pé mo ní láti di okùn mú. Ó fi okùn sọ̀ kalẹ̀ wá bá mi nínú kànga, ó là pẹlẹbẹ amọ̀ kan sí méjì níwájú mi. Ewé wà nínú rẹ̀. Ewé gan-an, pẹ̀lú iṣan ara rẹ̀, ó dúdú, ó tẹ́. Ó ní ibi tí a dúró sí yìí ti jẹ́ irà rí, igi ń wó sínú rẹ̀, ẹrẹ̀ ń bò ó, òmíràn ń wó lé e, fún iye ọdún tí orí ènìyàn kò lè gbé. Lẹ́yìn náà ni omi tún gbé iyanrìn wá dà lé gbogbo rẹ̀. Ojú tì mí fún ẹ̀rín tí mo rín. Mo ní, “Ọlọ́run tóbi.” Ó ní, “Ohun tí mo ń sọ láti àárọ̀ nìyẹn.”

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi ara balẹ̀ wo ilẹ̀. Ohun tí mo fi rí ilẹ̀ yín nìyí. Lókè Ùdí, iyanrìn ló wà lókè, amọ̀ ló wà nísàlẹ̀. Omi òjò ń gba inú iyanrìn kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́, ó kan amọ̀, amọ̀ kọ̀ fún un. Kí ni yóò ṣe? Yóò gba ẹ̀gbẹ́ jáde ní ẹsẹ̀ òkè. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bí àwọn odò ìlú yìí. Bí ó bá ti ń jáde, ó ń kó iyanrìn ìsàlẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀. Èyí tó wà lókè kò ní ohun tó máa jókòó lé mọ́, yóò ya lulẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀yìn ni ọ̀gbun ń jẹ ilẹ̀ lọ, òkè ló ń gùn, kì í sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀yin wò ó pé ọ̀gbun jìnnà sí ilẹ̀ yín. Èmi wò ó pé ilẹ̀ yín ló ń bọ̀ wá bá.

Lọ́jọ́ tí a jọ lọ wo ilẹ̀ náà lọ́dún tó kọjá, nígbà tí ẹ̀yin ń wo ìlú Enugu láti òkè, tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ aṣọ yín, mo sọ̀ kalẹ̀ lọ sísàlẹ̀. Mo rí ọ̀pẹ tí ìdí rẹ̀ wọ́, tí orí rẹ̀ sì ń gbìyànjú láti nà sókè. Ilẹ̀ ló ń fà á díẹ̀díẹ̀. Mo rí ilẹ̀ tó tutù lẹ́ẹ̀rùn níbi tí kò sí odò. Mo padà gòkè, mo fi ọ̀pá tú koríko, mo rí ibi tí ilẹ̀ ti là, tó tẹ̀ bí dòjé, kò fẹ̀ ju ìka lọ. Ohun mẹ́ta péré. Mo ní rárá. Ó yẹ kí n jókòó ṣàlàyé fún yín bí Màdáámù ṣe ṣàlàyé fún mi. Dípò bẹ́ẹ̀, mo pariwo. Àṣìṣe tèmi nìyẹn nínú ọ̀rọ̀ yìí, mo sì bẹ̀ yín.

Ẹ̀kẹta, èyí kò kan ilẹ̀ rírà, àmọ́ bí ẹ bá máa gbẹ́ kànga, ẹ mọ̀ ọ́n. Súlè, ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́ nígbà èwe, wọ inú kànga kan lápá Abakpa tí a ti fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ó yẹ ká kọ́kọ́ sọ àtùpà títàn kalẹ̀. Èmi ni mo ní kí a má fi àkókò ṣòfò. Ó dé ìsàlẹ̀, ó pè mí lẹ́ẹ̀kan, “Rájí,” kò sì sọ nǹkan mìíràn. Okùn wà nídìí rẹ̀, ẹni mẹ́ta la fà á jáde, ètè rẹ̀ ti dúdú. A tẹ́ ẹ sábẹ́ igi, a ń fẹ́ ẹ, a ń pè é. Mo ti ń ronú ohun tí n ó sọ fún ìyá rẹ̀ nígbà tó hú ikọ́. Ó wà ní Ọ̀ffà báyìí, ó ti di bàbá àgbà, bí a bá pàdé, ó ṣì máa ń fi ọwọ́ gbá mi lórí. Afẹ́fẹ́ burúkú wúwo ju èyí tí à ń mí lọ, ìsàlẹ̀ ló ń jókòó sí, kò ní òórùn. Bí àtùpà bá kú nínú kànga, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọlé. Bàṣírù, ìwọ ni mo ń bá wí. Kí ẹni tí ń gbẹ́ kànga yín má pè ọ́ ní ojo kí o sì torí rẹ̀ dákẹ́.

Ó ku Ìlọrin. Ilẹ̀ ibẹ̀ kò dàbí tibí, ẹ má fi tibí wọ̀n ọ́n. Àpáta ló wà lábẹ́ ẹsẹ̀ yín níbẹ̀, àpáta líle tó ti wà kí irà èédú wa tó dé. Oòrùn àti òjò ti jẹ orí àpáta náà di erùpẹ̀, inú erùpẹ̀ yẹn ni omi kànga yín yóò wà. Ibi tí erùpẹ̀ bá ti jìn, omi á wà. Ibi tí àpáta bá ti yọrí síta, ilé yín á dúró dáadáa, àmọ́ omi á wọ́n yín. Ẹ bi àwọn aládùúgbò bí kànga wọn ṣe ń ṣe lóṣù kẹta. Obìnrin ni kí ẹ bi, àwọn ló ń fa omi. Ẹ wo ara ògiri ilé àtijọ́, omi tó bá ti wọ ilé rí máa ń fi ìlà sílẹ̀, kódà bí wọ́n bá kun ọ̀dà lé e. Bí ilẹ̀ náà bá súnmọ́ odò, tó tẹ́ pẹrẹsẹ, tí erùpẹ̀ rẹ̀ dúdú, tó dára fún ẹ̀fọ́, odò ló ni ín, ẹ fi sílẹ̀ fún un kó máa gbin ẹ̀fọ́. Ẹ má sì gé gbogbo igi orí ilẹ̀ nítorí ẹ fẹ́ kọ́lé. Gbòǹgbò ń di erùpẹ̀ mú, ewé ń gba ẹ̀ṣẹ́ òjò kó tó kan ilẹ̀. Màdáámù máa ń sọ pé afẹ́fẹ́, omi, òkúta àti ohun ẹlẹ́mìí, wọn kì í ṣiṣẹ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tó bá fọwọ́ kan ọ̀kan ti kan mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ọwọ́ ti ń ro mí. Ìyá rẹ ní kí n wá jẹun, lónìí ebi ń pa mí dáadáa.

Ohun kan ló kù, Àkànkẹ́. Ẹ lọ wo ilẹ̀ náà, ìwọ àti ọkọ rẹ. Ẹ rìn ín yíká, ẹ sọ̀ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ padà lọ lẹ́yìn òjò. Bí ẹ bá ti wò ó tán, tí ọkàn yín sì sọ pé ó dáa, ẹ má pè mí láti gba àṣẹ. Mo lè bẹ̀rù láti ọ̀nà jíjìn, n kò sì fẹ́ kí ẹ̀rù mi gba ilé lọ́wọ́ yín. Ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀, ojú yín ló máa rí i. Ẹ kàn sọ ọjọ́ tí ẹ máa fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀ fún mi, kí n lè wà lórí fóònù, kí n ṣe àdúà tí mo fi dù yín lọ́dún tó kọjá.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí o gbọ́ ohùn ọmọ rẹ láàyè nínú ilé tí yóò dúró.

Èmi ni bàbá rẹ,
Rájí.